Alhaji Tàófíìkì Àlàó Bọ́lárìnwá, Oníkùmọ̀ Ìtòkú: Onílù Jáàsì (1956–2025)

Agbo-ilé Bọ́lárìnwá, ní Ìtòkú, nílùú Abẹ́òkúta, ni a ti bí Alhaji Tàófíìkì Àlàó Bọ́lárìnwá ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, ọdún 1956. Baba tó bí wọn ni Alhaji Ṣéhù Bọ́lárìnwá, ọmọ ọmọ lèmọ́mù, oníṣòwò aṣọ tí gbogbo Ìtòkú mọ̀. Ìyá wọn ni olóògbé Alhaja Bùsírátù, aládìrẹ tí ọwọ́ wọn máa ń dúdú fún aró títí dé ìgúnpá. Alhaji Tàófíìkì ni àkọ́bí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ yìí, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìdúrótì. Bí ẹ bá ń retí ìtàn ẹni tó fi ọwọ́ lẹ́rán jókòó jẹ́jẹ́, ẹ ti ṣìnà, nítorí ọwọ́ olóògbé ò sinmi rí.

Ilé-kéwú ni wọ́n kọ́kọ́ mú wọn lọ, wọ́n sì parí Àlùkùránì kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1963, wọ́n sì gba ìwé mẹ́wàá jáde ní ọdún 1974. Kì í ṣe pé ìwé ò wọ orí wọn o. Àga àti tábìlì ni wọn kì í jẹ́ kó sinmi. Tíṣà kan tilẹ̀ kọ ọ́ sínú èsì ìdánwò wọn pé ọmọ yìí mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ó ń da kíláàsì láàmú.

Ẹ̀yìnkùlé ìyá wọn ni àwọn tó ń lu aṣọ máa ń jókòó sí. Bí àdìrẹ bá ti gbẹ, wọn á ká a, wọn á tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, ẹni méjì á kojú síra, wọn á máa fi kùmọ̀ ńlá lù ú títí yóò fi máa dán. Ọ̀kan á lù, èkejì á dá a lóhùn. Kùmọ̀ méjèèjì ò gbọdọ̀ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni olóògbé ti ń bá wọn lù ú, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti kọ́ ìlù.

Ní ọdún 1973, àwọn oníbàárà kan láti Ìtórì gbé iṣẹ́ àdìrẹ mẹ́fà fún Alhaja Bùsírátù, tí wọ́n fẹ́ fi kún ẹrù ìyàwó. Olóògbé jókòó ti kùmọ̀. Ibi tí ẹni tó kojú sí wọn ti ń lu méjì, mẹ́ta ni olóògbé ń lù sí i. Ó dùn létí débi pé àwọn aláró dá iṣẹ́ dúró. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tú aṣọ, ibì kan ń dán, ibì kan ṣú, aṣọ ìyàwó wá di onílà-ìlà. Alhaja wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀, wọ́n ní, "Tàófíìkì, aṣọ mà ni mo ní kí o bá mi lù." Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe.

Alhaji Ṣéhù wà nílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n pe ọmọ wọn, wọ́n bi í ní ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe. Ọmọ ní ìlù ni. Baba ò nà án, wọn ò sì lé e jáde. Lójú tiwọn, ìlù kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ilé lèmọ́mù. Wọ́n kàn sọ pé, "N ò ní dí ọ lọ́wọ́. Àmọ́ iṣẹ́ yẹn, má retí kí n bi ọ́ léèrè rẹ̀ láéláé."

Baba mú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń kí ara wa: ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́. Gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, olóògbé máa ń lọ kí Baba, ì báà jẹ́ Èkó ni wọ́n ti jí. Baba á béèrè ìyàwó, wọn á béèrè ọmọ, wọn á béèrè mọ́tò tó ń jẹ epo jù, wọn ò sì ní dárúkọ iṣẹ́. Ó dun olóògbé wọra. Wọ́n sọ fún ìyàwó wọn pé àwọn ò ní kí Baba yin àwọn, kí wọ́n ṣáà béèrè lẹ́ẹ̀kan péré.

Ní ọdún 1975, wọ́n ríṣẹ́ akọ̀wé sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Yábàá, níbi tí àwọn olórin jáàsì ti máa ń ṣeré. Àìsàn mú onílù ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ kan, akọ̀wé bá fi gègé sílẹ̀, ó jókòó ti ìlù. Wọn ò padà sídìí gègé mọ́.

Lọ́dún 1981, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn Ọbáfẹ́mi, tó ń fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Bí àwọn onílù jáàsì tó yí wọn ká ṣe gbọ́ ọ nínú àwo òyìnbó ni wọ́n ń lù ú. Olóògbé ní tàwọn kọ́ nìyẹn. Wọ́n sọ ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì wọn di ẹni méjì tó kojú síra nídìí aṣọ, kálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń pa ìlù ńlá láàárín wọn. Wọ́n gbé ìtì igi tí wọ́n tẹ́ àdìrẹ lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, wọ́n gbẹ́ kùmọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi lù ú. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ìlù nìyí àbí ìfọṣọ. Kí orin tó parí, ẹ̀rín ti tán. Ọbáfẹ́mi, tó jókòó láàárín yín lónìí, á sọ fún yín pé òun gan-an gbàgbé ibi tí òun fọn fèrè dé. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Oníkùmọ̀.

Ní ọdún 1984, wọ́n so yìgì olóògbé àti Ràhámátù, ọmọ oníṣòwò ìrẹsì ní Ọ̀fàdà. Àáfà bi Baba pé iṣẹ́ wo ni ọkọ ìyàwó ń ṣe. Baba ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó." Àáfà ní iṣẹ́ wo? Baba ní, "Iṣẹ́ tó máa ń ro ó lápá." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi ọkọ ìyàwó. Ìyàwó rí i pé ojú ọkọ òun ti pọ́n.

Àwo orin mẹ́rin ni olóògbé ṣe. Wọ́n lu ìlù dé Jámánì, dé Japáànù, dé Bùràsíìlì, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n olórin sì ń wá láti òkè òkun wá wo bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ méjì sọ ọ̀rọ̀ méjì. A ò purọ́, a ò sì fọ́nnu: kò sí onílù jáàsì kan ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí kò kọ́ nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n. Wọn kì í fọwọ́ kan ìlù nínú ààwẹ̀, wọ́n sì lọ sí Mọ́kà ní ọdún 2002. Nígbà tí wọ́n padà wálé ní ọdún 2009, wọ́n kọ́ ilé sí Alábàtà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlù lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. Àwọn ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àwọn aláró Ìtòkú. Bí aṣọ lílù bá sì ti ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀, wọn ò lè kọjá láìgba kùmọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan.

Wọ́n jáde láyé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sáyé lọ ni baba wọn Alhaji Ṣéhù, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Aya wọn Alhaja Ràhámátù. Àbúrò wọn Àsíátù. Àwọn ọmọ wọn Yasir, Ummulkulthum àti Usamah. Àti ọmọ ọmọ méje. Baba ò tẹ̀lé wa lọ síbi ibojì, nítorí àṣà wa ò gbà kí òbí sin ọmọ. Yàrá ni wọ́n jókòó sí.

Kí a tó gbé ìwé yìí lọ tẹ̀, Baba ní kí Yasir kà á sí àwọn létí. Nítorí kí a má baà bí wọn nínú, "oníṣòwò" ni a kọ sábẹ́ orúkọ olóògbé. Baba dá Yasir dúró níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ni oníṣòwò? Èmi ni oníṣòwò. Onílù ni Tàófíìkì. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Yasir pa á rẹ́, ó ń kà lọ. Nígbà tó dé ibi àwo orin, Baba tún dá a dúró, wọ́n ní 1988 ni àkọ́kọ́ jáde, pé Lafẹ́nwá ni àwọn ti lọ rà á, níbi tí ẹnì kankan ò ti mọ àwọn. Wọ́n ní kí Àsíátù ṣí àpótí àwọn. Àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, lábẹ́ aṣọ funfun tí Baba fi lọ sí Mọ́kà, èèpo wọn ti gbó fún yíyọ jáde. Baba sunkún, gbogbo wa sì sunkún. Wọ́n ní ìgbéraga ló di àwọn lẹ́nu, àwọn rò pé àyè ṣì wà. "Ó yẹ kí n ti béèrè," ni wọ́n wí. "Ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀." A ti kọ ọ́.

Oníkùmọ̀ Ìtòkú, ọmọ Ṣéhù, ọmọ Bùsírátù, kí Ọlọ́hun tẹ́ ibojì yín ní ìrọ̀rùn, kó fi Àlùjánnà ṣe ilé yín. Ẹ sùn ire o. Baba yín ní kí a kí yín.