Ìwé-Ẹ̀rí Tí Màmá Mi Gbé Kọ́ Pálọ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Awakọ̀ ni mí. Mo mutí wakọ̀, ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ̀ mí, adájọ́ ní kí n lọ kẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ń mutí wakọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Mo parí rẹ̀, mo gba ìwé-ẹ̀rí.

Màmá mi, tí wọn ò mọ̀wé kà, rí i nínú àpò mi. Wọ́n fi gíláàsì sí i, wọ́n gbé e kọ́ pálọ̀. "Ẹ wá wo ìwé tí Dáwódù mi gbà!" Àlejò á kà á, á wò mí lójú, á ní, "Ẹ kú oríire, Màmá."

Ó ti sú mi. Ṣùgbọ́n mo sá kúrò níléèwé ní kékeré. Ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo mú wálé rí nìyẹn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́ fún wọn?

Èmi ni, ọmọ tí wọ́n gbé kọ́ ògiri.