Òkúta Funfun Tí Sùlé Fún Bàbá
Béyerúnkà, Sátidé, 14 Oṣù Kẹta, 1959

Ìwàǹwára mi yìí mà ti pọ̀ jù.

Mo fẹ́ mọ orúkọ àwọn òkúta tí Bàbá kó bọ̀ láti Jọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n ń wa kùsà. Eruku ti bò wọ́n, ni mo bá rẹ gbogbo wọn sómi, mo gba Ọjà'ba lọ. Nígbà tí mo fi máa dé nírọ̀lẹ́, èyí funfun tó ń dán bíi dígí, tí mo rò pé òkúta iyebíye ni, ò sí mọ́. Mo tọ́ omi náà wò. Iyọ̀ ni.

Bàbá ò ríran mọ́. Wọ́n ní, "Àlàó, ṣé èyí tí Sùlé ọ̀rẹ́ mi fún mi kó tó kú ṣì wà ńbẹ̀?"

"Ó wà ńbẹ̀, Bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Gbé e lé mi lọ́wọ́ lọ́la."

Omi náà ṣì wà nínú abọ́. Mi ò lè dà á nù.