Ọ̀sẹ̀ Méjì Ní Kafé Agége

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹjọ, 2002

A ti dé Agége. Èmi, Màámi àti Hẹ́dì. Láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé ibí ni Hẹ́dì ń pe orúkọ ìlú lójú ọ̀nà bí ẹni ń pe rẹ́jísítà — bẹ́ẹ̀ wọn ò rí àwọn pátákó ọ̀hún dáadáa. Nítorí ojú yẹn la ṣe wá. Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ní Ìkẹjà.

(Bàbá mi ni Hẹ́dì. Wọ́n ṣe hẹdimásítà fún ọdún mọ́kàndínlógún. Wọn ò mọ̀ pé mo ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.)

Ilé Àǹtí Oyèníkẹ́, àbúrò Màámi, la dé sí. Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì ni. Gbogbo aṣọ wa ti ń ta sánsán. Kí n tó bọ́ bàtà ni mo ti bi Àǹtí níbi tí kafé wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín: ilé kẹta sí wa. Ọpẹ́ o.

Nítorí Bùsáyọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi. Dublin ló wà, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sì ti dé tán. Ó di ọdún mẹ́rin tí Hẹ́dì ti dárúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn, láti ìgbà tó ti fẹ́ Ùsmán láìdúró kí wọ́n gbà. Kì í ṣe Ùsmán ló dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àìdúró yẹn ni. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ ka ìméèlì rẹ̀ ní Adó, tí mo ń padà wá sọ ọ́ fún Màámi ní kíṣìnì. Ọ̀sẹ̀ méjì ní Agége — mi ò lè jẹ́ kí ìròyìn rẹ̀ já.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Kafé: kọ̀m̀pútà mẹ́fà, méjì ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú méjì yẹn ń falẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ẹni tó ni ín ń jẹ́ Jimoh. Ọmọ Ìjẹ̀bú, tíṣà tẹ́lẹ̀, irùngbọ̀n funfun. Ó ní sùúrù.

Bùsáyọ̀ kò tíì bí. Ẹsẹ̀ ń wú. Ó béèrè ohun tó máa ń béèrè: "Ṣé wọ́n ṣì ń bínú?" Mo sọ̀rọ̀ òjò Èkó fún un.

Mo ti sọ fún Hẹ́dì pé búrẹ́dì ni mo fẹ́ lọ rà. Mo délé láìmú búrẹ́dì dání.

Ọjọ́bọ̀, 8

Iṣẹ́ abẹ ti parí. Ojú ọ̀tún. Ó yọrí sí rere. Ohun àkọ́kọ́ tí Hẹ́dì ṣe ni pé wọ́n tún gírámà nọ́ọ̀sì ṣe. Ara wọn ti yá nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Ó ti bí. Obìnrin.

Ìlà mẹ́ta péré ló kọ, ó fi fọ́tò kan tì í. Fọ́tò náà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ — irun, iwájú orí, ojú kan — iná lọ. Jimoh lọ tan jẹnẹrétọ̀. A tún bẹ̀rẹ̀ láti orí irun.

Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni mo ti sọ fún Màámi. Wọ́n jó tọmọrogùntọmọrogùn lọ́wọ́, láìpariwo. Hẹ́dì pè láti pálọ̀: kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn? Màámi ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ó pẹ́ kí rédíò Hẹ́dì tó tún dún.

Ọjọ́ Ajé, 12

Ibà. Orí fífọ́. Kò sí kafé.

Ọjọ́rú, 14

Mo ṣì wà lórí ẹní. Wọ́n ti tú báńdéèjì Hẹ́dì, wọ́n sì ti ń rìn jáde láràárọ̀. Dókítà ló ní kí wọ́n máa rìn, wọ́n ní. (Èmi ò gbọ́ kí dókítà kankan sọ bẹ́ẹ̀.) Lónìí wọ́n jókòó tì mí, wọ́n bi mí pé kí la ń pe "a" tí wọ́n fi òbìrí yí ká. Mo ní níbo lẹ ti rí i, sà. Wọ́n ní lára pátákó kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 16

Ara ti le. Mo gba kafé lọ. Ìméèlì Bùsáyọ̀ mẹ́ta ló ń dúró dè mí, èyí tó dé kẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ ṣí. "Tinú, ẹnì kan tó ń jẹ́ Jimoh kọ̀wé sí mi, ó ní Bàbá ló rán òun. O mọ àwọn ọmọ 419 wọ̀nyí. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò tíì dáhùn. Bá mi kà á." Ó fi lẹ́tà náà sí ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa gbàgbé:

"Olúwabùsáyọ̀. Mo gbọ́ pé o ti bí. Ó di ọdún mẹ́rin tí obìnrin méjì ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé mi. Ojú ló ń dùn mí, kì í ṣe etí. Ta ló ń bá ọ wẹ ọmọ? Ṣé ọkọ rẹ máa ń dìde bí ó bá ké? Èmi dìde nígbà tìrẹ. Ìbínú náà ti tán nínú mi tipẹ́. Mi ò kàn mọ ibi tí ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni. Bàbá rẹ."

Mo yíjú sí Jimoh. Ó ní òun ti ṣèlérí pé òun ò ní sọ. Lẹ́yìn náà ó sọ gbogbo rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá wá, àdírẹ́sì ìméèlì Bùsáyọ̀ wà lórí bébà kékeré lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kí òun tún lẹ́tà náà tẹ̀. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń yà: "Ṣé ó ti dé?" Òun á ní rárá, sà. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á máa lọ.

Àárọ̀ mẹ́ta. Ọmọ wọn sì rò pé ọmọ wàyó ni wọ́n.

Mo kọ sí Bùsáyọ̀: "Àwọn ni. Dá wọn lóhùn. Lónìí."

Nígbà tí mo délé, mo bi Màámi ta ló fún Hẹ́dì ní àdírẹ́sì. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò gbójú sókè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Mo dúró de Hẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Wọ́n wò mí, mo wò wọ́n. Wọ́n ní ó yá, ká máa lọ.

Ó ti dé. Jimoh fẹ́ bá wọn kà á, wọ́n kọ̀. Wọ́n sún mọ́ kọ̀m̀pútà, wọ́n ń kà á fúnra wọn, ètè wọn ń mì. Wọ́n tún un kà. Bùsáyọ̀ tọrọ àforíjì, pàápàá fún àìdúró yẹn. Ó ní òní lọ́jọ́ kẹjọ, ọ̀sán ni ìsọmọlórúkọ. Ùsmán sì ti sọ pé àwọn ò ní dárúkọ kankan kí ti Bàbá tó dé.

Hẹ́dì ní kí n dìde lórí àga. Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà kan, wọ́n á wá òmíràn. Wọ́n bi Jimoh níbi tí àmì abẹ́ lẹ́tà wà. Kò sí. Kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá a lọ: MORENIKE.

Mo ní ká máa lọ sílé. Wọ́n ní àwọn ò lọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwa méjèèjì. Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù nígbà tí Jimoh pè wá. Ùsmán fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: "Ẹ ṣé, Bàbá. Morẹ́nikẹ́ ń sùn lọ́wọ́. A máa pè é bẹ́ẹ̀ tó bá jí."

Hẹ́dì nu ojú wọn, èyí tí dókítà ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ̀wé sí Ùsmán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jí ọmọ náà.