Lẹ́tà Yín Tó Hàn Lára Ògiri

Màmá mi àtàtà,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ilé wà dáadáa l'Ókèrèwè. A ti pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá iwájú ò sì yọ wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìròyìn ilé kọ́ ló jẹ́ kí n mú bírò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ yín ni, tó ti di ibi iṣẹ́ tèmi náà.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti ṣiṣẹ́ gbà mí sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Lọ́dún yìí, ọ̀gá àgbà ní òun fẹ́ kí a máa lo ẹ̀rọ tuntun kan tó ń ka gbogbo ìwé tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Téèyàn bá bi í ní ìbéèrè, á wá èsì jáde lójú ẹsẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó o. Inú mi dùn gan-an.

Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́, tí tábìlì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni olórí àwọn tó ń tọ́jú fáìlì báyìí. Wọ́n wá bá mi.

"Jẹ́ ká tún ilé ṣe ká tó pe àlejò," wọ́n ní. "Ìwé òṣìṣẹ́, ìwé akẹ́kọ̀ọ́, ìwé dókítà, gbogbo ẹ̀ ló wà pa pọ̀. Ta ló yẹ kó rí èwo? A ò tíì jókòó sọ ọ́."

Mo ní iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù nìyẹn, ọ̀gá ò sì ní dúró. Wọ́n tún padà wá lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ohun tuntun ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà bó ṣe wà, títí kan àwọn ìwé àtijọ́ tí a ti síkáànù.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ náà han àwọn olórí ẹ̀ka, a tan pirojẹ́kítọ̀ sára ògiri yàrá ìpàdé. Olùkọ́ kan, èèyàn jẹ́jẹ́, ní kí n bi í pé àwọn wo ló tọrọ ìsinmi rí tí wọn ò lọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Orúkọ yín ló kọ́kọ́ jáde.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà yín. Mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé yín mọ̀ kí n tó ka ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ kọ ọ́ pé dókítà ti rí jẹjẹrẹ lọ́yàn yín, pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá jọ̀wọ́ fagi lé ìsinmi tí ẹ tọrọ, nítorí ọmọ yín ń múra ìdánwò àṣekágbá ní yunifásítì, ẹ ò sì fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dàrú.

Màmá, èmi ni ọmọ yẹn.

Ọgbẹ́ inú lẹ pè é fún wa. Ẹ óò mu omi gbígbóná láàárọ̀, ẹ óò fọwọ́ di àyà mú, ẹ óò ní ata àná ló ń bá yín jà. Mo gbà yín gbọ́. Ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà tí ẹ tìtorí rẹ̀ dákẹ́, òun ni mo fi rí iṣẹ́ tí mo ti gbé àṣírí yín sára ògiri.

Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́ ni wọ́n lọ fa wáyà yọ.

Lẹ́yìn ìpàdé náà, mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn. "Ṣé ẹ ti mọ̀ ni, mà?"

"Èmi ni mo bá màmá ẹ mú lẹ́tà yẹn lọ," wọ́n fèsì. "Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ, mo sì ṣèlérí. Kí ni mo tún lè sọ ju pé ká to fáìlì lọ?"

Mo fa àga, mo jókòó tì wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ní kí n yọ lẹ́tà yẹn nìkan, ká máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ní mi ò lè ṣe é. Bí a ṣe ń wo ara wa ni bàbá tó ń wa mọ́tò ọ̀gá wọlé. Wọ́n bọ́ fìlà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìwé ọsibítù tèmi náà wà nínú ẹ̀rọ yẹn?"

Ó wà níbẹ̀. Ọ̀gá wò mí, wọ́n sì rí i lójú mi. Wọ́n ní ká pa ẹ̀rọ náà títí a ó fi ṣe ohun tó yẹ ká ti kọ́kọ́ ṣe.

Èmi àti Àǹtí la jọ ń ṣe é báyìí. À ń kọ ẹni tó ni ìwé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹni tó lè ṣí i, àti èyí tó yẹ ká pa rẹ́. Àwọn tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́ ṣì lè wọ kọ̀ǹpútà wa. Ẹnu ń yà mí lójoojúmọ́.

Ṣé ẹ rò pé mi ò lè tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni? Nígbà tí èsì mi jáde, tí mò ń fò kiri pálọ̀, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣé ó ń dùn yín lásìkò yẹn? Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ fún mi? Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni àbí kí n bá yín jà.

Mo lọ ṣe àyẹ̀wò ọyàn tèmi lọ́jọ́ Ajé. Kí n tó lọ, mo pe ọmọbìnrin mi, tí ẹ ò dúró rí, tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo sọ ohun tó pa yín fún un, mo sì pe àìsàn náà bó ṣe ń jẹ́ gan-an. Ó wá ní òun máa bá mi lọ gba èsì náà l'Ọ́jọ́bọ̀.

Mo ní kó múra.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ọkàn rẹ̀ ò tíì balẹ̀.