Rùká Kò Tíì Di Tèmi

Ọjọ́ Ajé, 17 Nòfẹ́ḿbà 1969. Ìyànà Ọ̀fà.
Ẹ-Padà-Wá tún ní kí n padà wá. Orúkọ tí mo fún ọ̀gbẹ́ni wẹ́fíà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ nìyẹn, nítorí láti oṣù karùn-ún tí mo ti ń lọ sí ọ́fíìsì wọn, kò sí ọjọ́ tí kò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni tòní. Etí òsì Rùká kò hàn. Mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ọmọ náà nìyí níwájú yín, etí rẹ̀ pé méjì.” Ó ní fáìlì kì í wo ọmọ, fọ́tò ni fáìlì ń wò. Mo rẹ́rìn-ín kí n má baà sunkún.

Wọ́n ní àjèjì tó bá fẹ́ gba ọmọ ṣe tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá a gbé nílẹ̀ yìí fún oṣù mẹ́fà, kí kóòtù tó lè fọwọ́ sí i. Àjèjì! Èmi ọmọ Kétu. Yorùbá ni mo fi ń gbàdúrà, òun náà ni mo sì fi ń bú Ẹ-Padà-Wá nínú ikùn mi. Òyìnbó méjì ló fa ìlà kan sáàárín Kétu àti ibí láyé bàbá bàbá mi. Ìlà yẹn ló so mí mọ́ ibí.

Ìṣẹ́gun, 18 Nòfẹ́ḿbà
Fọ́tò tuntun. Etí méjì. Ṣùgbọ́n iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì, Rùká dijú. Ọlọ́run mi.

Ọjọ́bọ̀, 20 Nòfẹ́ḿbà
Lẹ́tà ọkọ mi dé láti Kétu. Akínwándé béèrè bóyá ọmọ ni mo lọ mú wá tàbí erin. Ó ní àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń bi í bóyá mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kí n wálé ní Kérésì, *tọmọtọmọ tàbí láìsí ọmọ*. Ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Bí ẹni pé agbọ̀n ọsàn ni mo gbàgbé sí ọjà.

Ọdún kọkànlá rèé tí a ti ṣe ìgbéyàwó. A bí méjì, a sin méjì. Mùjíbátù, ìyá Rùká, a máa wá tajà ní Kétu lọ́dọọdún, ilé wa ló ń wọ̀ sí. Àìsàn mú un lọ lọ́dún tó kọjá. Ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà Àbíkẹ́, ló ránṣẹ́ pè mí sí abà wọn nítòsí ibí: ọmọ ọdún mẹ́rin, bàbá rẹ̀ kú nínú lọ́rì tó dojú dé ní Kùmásì ní Gánà, ọwọ́ arúgbó kò ká a mọ́, kí n wá mú un. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni máa lò.

Ọjọ́ Ajé, 24 Nòfẹ́ḿbà
Ojú là nínú fọ́tò. Wọ́n gbà á! Ó wá ku ìwé ìgbéyàwó wa. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, kí ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀. Mo ní mo lè túmọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí. Rárá o, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Kí n padà wá.

Ọjọ́rú, 26 Nòfẹ́ḿbà
Onílé mi, ìyá Múyì — Rédíò ni mò ń pè é níbí, nítorí kì í kú — ní ìjọba Gánà ti lé gbogbo àjèjì, wọ́n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní àwọn èèyàn ti ń dé ní lọ́rì lọ́rì. Ó wò mí tìka-tẹ̀gbin, ó ní, “Ìyá Kútọnu, ẹ máa dúpẹ́ pé àwa kò lé yín.” Ìgbà mélòó ni mo dé Kútọnu láyé mi? Ẹ̀ẹ̀mejì! Mo fọ irun Rùká títí ó fi kígbe.

Ẹtì, 5 Dìsẹ́ḿbà
Olùkọ́ kan ní Ìbàdàn ti túmọ̀ ìwé náà. Òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ-Padà-Wá yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, kò rí àléébù kankan. Ó dùn ún. Kóòtù di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún! Mo ra bàtà fún Rùká. Pupa. Ó ń wọ̀ ọ́ jẹun.

Àbámẹ́ta, 6 Dìsẹ́ḿbà
Rédíò já wọlé láì kàgò. “Ìyá Kútọnu, òkú jí o!” Mo ní òkú wo. Ó ní bàbá Rùká ni. Mùnírù sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì ní ìyànà láàárọ̀ yìí, òun àti àpò kan.

Àìkú, 7 Dìsẹ́ḿbà
Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi Rùká sílẹ̀, mo lọ sí abà. Mo ti to èébú sẹ́nu. Ọdún mẹ́rin láìsí ìró, ó wá jẹ́ pé ìgbà tí kóòtù mi ku ọ̀sẹ̀ kan ló rí dé!

Mùnírù gbẹ. Ẹ̀wù rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn rẹ̀. Lóòótọ́ ni lọ́rì kan dojú dé ní Kùmásì, ẹlòmíràn ló kú. Ó ní òun fi lẹ́tà mẹ́ta rán àwọn arìnrìn-àjò. Kò sí èyí tó dé. Lánàá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ìyàwó òun ti kú. Ó ń pè é ní “Mùjí” bí ẹni pé ó wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Mo gbé èébú mi padà wálé.

Ọjọ́ Ajé, 8 Dìsẹ́ḿbà
Mo lọ sọ fún Ẹ-Padà-Wá. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fún mi ní àga, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù karùn-ún. Ó ní fáìlì ti pé. Fáìlì sọ pé bàbá ti kú, ìtẹ̀ka ìyá àgbà wà níbẹ̀. Fáìlì kò mọ ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì. Tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé, mo ti kọjá ẹnubodè kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. “Ẹ jẹ́ kí fáìlì sinmi, Màdáàmù.”

Oore kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí fẹ́ ṣe fún mi, irú èyí ni!

Ìṣẹ́gun, 9 Dìsẹ́ḿbà
Mi ò lè jẹun. Rùká jẹ tirẹ̀, ó jẹ tèmi.

Ọjọ́bọ̀, 11 Dìsẹ́ḿbà. Ìtúnu ààwẹ̀.
Mo mú Rùká lọ sí abà, a kí wọn kú ọdún. Mùnírù nawọ́ sí i. Ó sá sẹ́yìn ìró mi. “Màmá, ta ni?” Gbogbo ojú wà lára mi. Mo lè pè é ní ẹnikẹ́ni. Mo ní, “Bàbá ẹ ni.” Rùká ní, “Irọ́ ni.”

Ìyá Àgbà na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè. “Mùnírù, èyí ni mo fi pa ọ́ nínú ìwé. Forí jì mí.” Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Kò bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ sọ ní kóòtù. Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá bínú sí i, ara ì bá sì tù mí.

Ọjọ́ Ajé, 15 Dìsẹ́ḿbà
Adájọ́ ka ìwé. Ó ní ṣé bàbá ọmọ ti kú. Ẹ-Padà-Wá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi.” Ó yára bí ọbẹ. Adájọ́ kọjú sí mi, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo wo bàtà Rùká.

Mo ní, “Ó wà láàyè, Olúwa mi. Gánà ló ti dé. Ó wà ní abà.”

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó fagi lé ẹjọ́. Kí n dá ọmọ padà fún bàbá rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá — oṣù méje!

Lẹ́nu ọ̀nà, Ẹ-Padà-Wá bi mí bóyá orí mi dá. Kò ní kí n padà wá. Ta ló rán mi ní òtítọ́? Ta ló rán mi níṣẹ́?

Ọjọ́rú, 17 Dìsẹ́ḿbà
Mo di ẹrù Rùká. Mo tú u. Mo tún un dì.

Àbámẹ́ta, 20 Dìsẹ́ḿbà
Mùnírù yá kẹ̀kẹ́ wá. Rùká rí ẹrù rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó sáré wọ yàrá, ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń ké. Rédíò àti gbogbo ilé kún ẹnu ọ̀nà. Èmi, èmi yìí, ni mo ń tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mùnírù ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá.” Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. “Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi kí n fi kó ilé ọdún mẹ́rin. Mi ò lè ṣe irú ẹ̀ fún un.” Ó ní òun á máa wá ní Àbámẹ́ta Àbámẹ́ta. Tí Rùká bá ti mọ òun, á gun kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣé mo lè dúró?

Dúró! Mo bínú. Mo ní dúró di ìgbà wo? Mi ò ní ìwé, mi ò ní ọjọ́, mo ní ọkọ, Kérésì ku ọjọ́ márùn-ún! Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ó jókòó, ó ń gbọ́. Nígbà tó rẹ̀ mí, ó ní kí ni Rùká ń jẹ láàárọ̀.

Mo sọ fún un. Ẹ̀kọ gbígbóná, kó má dùn jù. Ó tún un sọ lẹ́nu bí ọmọ iléèwé.

Ó lọ lọ́sàn-án. Mo jókòó, mo kọ̀wé sí Akínwándé pé kó má retí mi ní Kérésì, mi ò sì mọ ìgbà tí máa wálé. Inú bí mi débi pé bírò fa ìwé ya. Mo mú òmíràn, mo tún un kọ. Ohun kan náà ni mo kọ.