Òrùka Inú Àpòòwé

Ìyá Ìbejì,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ní tèmi, koko lara ọta ń le.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ igi wa ń lọ geere. Ọ̀gá oníṣẹ́ igi tá a jọ máa ń wo fídíò wọn lórí fóònù rẹ yẹn, èmi ni wọ́n mú báyìí pé kí n máa bá àwọn di pákó mú nídìí ayùn oníná. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní mo ríre, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti lọ sinmi nílé. Mo gbọ́ pé ó ti ń fi ọwọ́ òsì jẹun dáadáa.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ojú Ọ̀gá ò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní tẹnu mi gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá fọwọ́ sí ni mo fi lè ríṣẹ́ gidi. Mo kàn ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tó nípọn fún wọn ni. Lánàá wọ́n ní, "Ìlà yìí ò hàn. Fi ìka ẹ sórí ẹ̀ kí n rí ibi tí mò ń lọ. Tí ayùn bá ti sún mọ́ ọ, kó o yọ ọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín.

Òrùka ìgbéyàwó wa ló wà nínú àpòòwé yìí. Má jẹ́ kí ọkàn rẹ lọ síbòmíràn o, wọn kì í wọ òrùka nídìí ayùn ni. Bá mi tọ́jú ẹ̀. Ìka ẹ̀ ṣì wà níbí, digbí.

Bá mi kí Màmá àtàwọn ọmọ.

Ọkọ rẹ