Ìmọ̀ràn Tí Mo Fún Ìyá Rẹ Kí Ó Tó Wọ Bangkok

Phikun ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ooru ìlú yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Mo mọ̀ pé wàá ní dáadáa ni, nítorí náà n kò ní dúró de èsì kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí àwọn àlùfáà ń kọjá, mo bu ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú abọ́ wọn, mo sì da omi sílẹ̀ nídìí igi máńgòrò kí èrè rẹ̀ lè ṣàn dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀kúnwọ́ kan jẹ́ tìrẹ, èkejì jẹ́ ti ìyá rẹ, èmi yóò ṣe tèmi lọ́la. Kí o má ṣàìsàn, kí ọ̀gá rẹ má bínú sí ọ, kí onílé rẹ gbàgbé láti fi owó kún owó ilé.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù ń ka owó bí mo ti ń sọ̀rọ̀, kódà bí mo bá ń wúkọ́, ó ń kà á. Lẹ́tà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo kọ díẹ̀, bí mo kọ púpọ̀, sítáǹpù kan náà ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sí ojú ìwé méjèèjì.

Gbogbo wa wà. Ẹfọ̀n wa bímọ, abo ni. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, a sì ti rí ibi tí ilé ìdáná ń jò. Sawing ọ̀rẹ́ ìyá rẹ tún ra pẹ́pẹ́yẹ kún èyí tó ní, a ò lè sùn mọ́ ní àdúgbò yìí, ṣùgbọ́n ó ń fún wa ní ẹyin, nítorí náà à ń fara dà á.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó sídìí ìwé ni ti ìrìn àjò ìyá rẹ. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò balẹ̀. Ìyá àgbà Thanit àfẹ́sọ́nà rẹ ti ní òun kò ní rán àgbà kankan wá sílé wa láti tọrọ ọwọ́ rẹ títí òun yóò fi rí ojú ìyá rẹ, oṣù mẹ́ta tí àwọn àlùfáà kì í rìnrìn àjò nítorí òjò sì ti ń bọ̀, kò sì sí ẹni tí í gbéyàwó láàárín rẹ̀. O sọ fún mi pé ìyá àgbà náà ń fi ọmọ oníṣọ́ọ̀bù wúrà han Thanit láti ojú fèrèsé. Bí ìyá rẹ kò bá wá kí òjò tó fi gbogbo ara dé, ọmọ oníwúrà yóò ti di ìyàwó.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìyá rẹ ní òun kò lọ. Ó ní òun rí bí mo ṣe lọ Bangkok, òun sì rí bí mo ṣe bọ̀.

Mo ti ṣàlàyé fún un títí ẹnu mi fi gbẹ. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí afárá yẹn, ilẹ̀ inú rẹ̀ ń dán ju ti tẹ́ḿpìlì wa lọ, afẹ́fẹ́ tútù sì ń jáde láti ẹnu ọ̀nà. Ta ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tí yóò gbé bàtà oko wọ irú ibẹ̀ yẹn? Mo bọ́ bàtà mi, mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo kọ imú wọn síta kó lè rọrùn láti wọ̀ nígbà tí mo bá ń jáde, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé gbogbo ènìyàn. Bí mo ti wọlé ni ilẹ̀kùn padé, ọkọ̀ sì gbéra. Mo ń wo bàtà mi láti ojú gíláàsì, àwọn náà dúró jẹ́jẹ́ síbẹ̀, wọ́n ń kéré lọ. Ohun tó dùn mí ni pé gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló wọ bàtà, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n sì ń wò bí ẹni pé èmi ni n kò rí ẹ̀kọ́ ilé gbà.

Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù egbòogi ìyá àgbà Thanit nìyẹn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó bi mí pé ṣé iṣu ni mo gbé wá fún òun ni àbí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo ní bàtà mi wà ní ibùdókọ̀, pé ọkọ̀ ló gbé mi kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, wọ́n ní láti fún un lómi. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ rí ìyá rẹ, òun fẹ́ mọ̀ bóyá bákan náà ni àwa méjèèjì. Mo gbà pé ó fẹ́ràn mi.

Bàtà nìkan kọ́ ni ìyá rẹ ń bínú sí. Mo ṣèèṣì ròyìn obìnrin inú fóònù tí o yá mi, èyí tó ń júwe ọ̀nà. Mo ní ohùn rẹ̀ tutù, pé ó ní kí n yà sí ọ̀tún, mo yà, ó ní kí n yà sí òsì, mo ṣìnà, kò sì bú mi, ó kàn ń wá ọ̀nà mìíràn fún mi. Ìyá rẹ gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí mo ti fẹ́ òun, ṣé mo ti yà síbi tí òun ní kí n yà sí rí? Ó ní kí n sọ orúkọ obìnrin náà. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ìyẹn gan-an ló burú jù. Jọ̀wọ́, bá mi sọ fún un pé àgbàlagbà ni obìnrin náà, pé ó ti lọ́kọ, àti pé ojú gbogbo ènìyàn la ti jọ sọ̀rọ̀. Má sọ fún un pé mo fi omi lọ obìnrin náà.

Nígbà tí mo rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á, mo pinnu pé màá kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ́hùn-ún, kí owó ọkọ̀ tí mo ná má baà ṣòfò.

Mo ní bó bá wọ takisí, kó máa wo aago kékeré tó wà níwájú dírẹ́bà. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, ọkọ̀ dúró gbagidi láàárín àwọn ọkọ̀ yòókù, aago yẹn kò dúró. Mo bi dírẹ́bà pé kí ló ń kà nígbà tí a ò lọ síbì kankan. Ó ní, Bàbá, ìjókòó yín ló ń kà. Mo ní bí mo bá wá dìde ńkọ́? Ó ní orí mi yóò kan òrùlé. Mo sanwó èyí tó ti kà, mo bọ́ sílẹ̀, mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, a jọ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹfọ̀n títí dé ìkóríta, nítorí ọmọ oko ni òun náà, n kò sì san kọ́bọ̀ fún apá ibẹ̀.

Mo ní bí ooru bá mú un, kó wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kì í tì lóru. Ilẹ̀kùn wọn ń ṣí fúnra rẹ̀, ó sì ń kí ènìyàn. Kó dá a lóhùn o. Mo jáde, mo tún wọlé, ó tún kí mi, mo tún dáhùn, títí ọmọbìnrin tó ń gbowó fi bi mí pé, Bàbá, ẹ̀yin àti ilẹ̀kùn wa, kí lẹ jọ ń ṣe? Afẹ́fẹ́ tútù inú ibẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, mo sì gba tèmi dáadáa.

Mo ní bó bá débi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, yóò rí àwòrán kan lára tábìlì, onígun mẹ́rin, dúdú lórí funfun, wẹ́wẹ́ bí èyí tí àlùfáà àgbà wa kọ sára aṣọ tó wà lókè ilẹ̀kùn wa nítorí olè. Inú mi dùn pé àwọn ará Bangkok ṣì ń bẹ̀rù ohun mímọ́. Ẹni tó bá ti jẹun tán á gbé fóònù síwájú rẹ̀, á gba ìbùkún, á sì máa lọ, n kò rí ẹni tó mú owó jáde. Èmi náà pa ọwọ́ pọ̀, mo tẹrí ba fún un, mo gbé adìyẹ sísun mi, mo kọjú sọ́nà. Obìnrin tó ń tà á na ọwọ́ sí mi, mo rò pé ó fẹ́ bá mi yọ̀, mo dì í mú. Ó ní, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gba owó mi, ọgọ́ta bat, ná kí ẹ tó máa fẹ́ mi. Nítorí náà, mo sọ fún ìyá rẹ pé ẹni tó bá gbé fóònù síwájú rẹ̀ nìkan ni ohun mímọ́ yẹn ń bá sanwó.

Ìyá rẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní ọ̀nà líla ni òun ń bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Àwọn ọ̀kadà Bangkok kì í dúró fún ẹnikẹ́ni, wọ́n máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ènìyàn kọjá ni, bí o bá sá, wọ́n á gbá ọ, bí o bá rọra ń rìn, wọ́n á yà fún ọ. Mo ronú sí i. Mo lọ bá Sawing, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó da gbogbo pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ sí ojú ọ̀nà iwájú ilé wa. Pẹ́pẹ́yẹ ni ọ̀kadà, ẹfọ̀n wa ni bọ́ọ̀sì. Báálẹ̀ wa Bunloet gorí odó tí a dojú rẹ̀ dé, ó mú aṣọ pupa lọ́wọ́ kan, aṣọ aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ kejì, kó lè ṣe bí ọkùnrin kékeré inú iná ìkóríta. Bí ọkùnrin yẹn bá pupa, ó ń dúró, bó bá di aláwọ̀ ewé, ó ń rìn, bí àkókò bá fẹ́ tán, ó ń sáré. Báálẹ̀ fẹ́ràn eré sísá yẹn jù, ẹ̀ẹ̀mejì ló jábọ́ lórí odó.

Ìyá rẹ ní òun kò ní dá nìkan ya wèrè láàárín ìlú, àfi bí Sawing bá bá òun rìn. Sawing ní bí òun bá rìn, àbúrò òun náà gbọ́dọ̀ rìn. Kí oòrùn tó wọ̀, ìdajì abúlé ló ń la ọ̀nà, wọ́n ń la àárín pẹ́pẹ́yẹ kọjá, wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè, wọn ò wo ọ̀tún wọn ò wo òsì. Akọ pẹ́pẹ́yẹ kan ṣá ìyá rẹ lẹ́sẹ̀, kò sá. Ó ní kó lọ gba ẹ̀gbẹ́, ṣé òun nìkan ló ń lo ọ̀nà ni.

Ti àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ Phaiwan la ti kọ́ ọ, ẹni tó ni ẹ̀rọ ìlọ̀rẹsì. O rántí bẹ́líìtì gígùn tó ń gbé àpò ìrẹsì lọ sókè. Wọ́n ń gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dúró ṣánṣán, ẹ̀rọ sì ń dà wọ́n sórí òkìtì ìyàngbò lódìkejì. Phaiwan gba bat márùn-ún lọ́wọ́ olúkúlùkù, ìyá rẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tó dìde nínú ìyàngbò lẹ́ẹ̀kẹrin, tó gbọn orí, ó ní òun ti ṣe tán, òun á lọ Bangkok.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n dúró. Ó ní ìyá àgbà náà fẹ́ mọ irú ẹni tó tọ́ ọ, òun kò sì ní jókòó níwájú ènìyàn kí òun máa purọ́ pé òun nìkan ni. Ó ní nígbà tí ibà dá òun dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí òun bí ọ, ọmú Sawing lo mu. Ó ní ọkọ̀ tí Phaiwan fi ń kó ẹ̀gẹ́ ló gbé ọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí iná jó ọ. Ó ní báálẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà kí ilé ẹ̀kọ́ tó gbà ọ́. Ó ní bí ìyá àgbà bá fẹ́ rí ojú, òun á mú gbogbo ojú náà wá fún un, kó wá yan èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn níbẹ̀. Mo jáde lọ bọ́ ẹfọ̀n fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà, ó sì dára ju bí mo ti rò lọ. Owó bọ́ọ̀sì jẹ́ irínwó bat ó lé àádọ́ta fún ẹnì kan, àlọ àti àbọ̀. Phaiwan yóò gba ẹgbẹ̀rún méje bat láti fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ gbé wa bọ̀, iye yòówù ká jẹ́. Bó bá jẹ́ èmi àti ìyá rẹ nìkan, olè jíjà ni. Ṣùgbọ́n a ti di ènìyàn méjìdínlọ́gbọ̀n báyìí, nítorí náà igba bat ó lé àádọ́ta ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, a sì ti jèrè igba bat lórí olúkúlùkù. Àpapọ̀ èrè wa jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹgbẹ̀ta bat. Láti ìgbà tí mo ti ń gbin ìrẹsì, n kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀ rí láàárín ọjọ́ kan.

Sọ fún ìyá àgbà Thanit pé kó má wá àga, ilẹ̀ la ó jókòó sí. A ń gbé ẹní wa bọ̀, a ń gbé ìrẹsì wa bọ̀, a sì ń gbé ìkòkò ẹja kíkan kan tó ti pé ọdún bọ̀, bí òórùn rẹ̀ bá ṣáájú wa wọlé, kí wọ́n má pe ọlọ́pàá. O ní yàrá rẹ gba ènìyàn méjì. Ìdùbúlẹ̀ gbalaja lo fi ṣírò. Bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ sùn, yóò gba mẹ́jọ. Ìyá rẹ ní kó o sọ fún Thanit pé kó má sá, a ò ní bù ú jẹ.

Bí ẹgbẹ̀rún kan bat bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá mi wá a fún epo tí a ó fi padà, èyí tí kò sí nínú owó Phaiwan, nítorí èrè tí mo ṣírò yẹn, n kò tíì rí ibi tó wà. Ọkọ̀ yóò gbéra ní kété tí mo bá ti ju lẹ́tà yìí sínú àpótí. Bó bá jẹ́ pé a ṣáájú rẹ̀ dé, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu láti kà á, gbogbo wa la ó jọ sọ ọ́ fún ọ. Owó yẹn nìkan ni kó o mú dání wá sẹ́nu ọ̀nà.

Kí ìyá àgbà jí ire lọ́jọ́ náà, kí ojú rẹ̀ ríran dáadáa, kó sì fi ẹ̀rín gbà wá. Kí ọmọ oníwúrà rí ọkọ tirẹ̀ níbòmíràn. Kí o tó kúrò nílé bàbá rẹ, kí ilé ọkọ rẹ ti máa wá ọ, kí ẹsẹ̀ gbogbo wa sì lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Khampan